Àwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Ìjẹun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera, mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń retí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, tàbí orúnkún tó ń dun àgbà. Ọjọ́ orí wa ti débẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn tó ti wà lọ́kàn mi láti Fọ́ọ̀mù Kẹrin. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ tí kò lè jẹ ẹ́.

ṢÉ Ẹ RÁNTÍ ÌYÁ ÀDÚRÀ?

Àwọn tí a jọ wà ní ilé àwọn obìnrin á rántí rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹbí rẹ̀ wà láyé. Ìyá Àdúrà là ń pè é. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni ìkẹta sí tèmi. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Ìṣirò tí àwa ń sunkún lé lórí, eré ni lójú tirẹ̀. Tó bá ṣe ipò kejì, ẹkún ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì máa ń tẹ́ rẹ́rẹ́ kí agogo ìdájí tó dún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, ó ní òun fẹ́ máa gbààwẹ̀ ní ọjọ́rú àti ọjọ́ Jímọ̀ nítorí ìdánwò. A yìn ín. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́, títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. A tún yìn ín. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀ sí i, agogo mẹ́fà á lù, á bu omi mu, á jẹ ìdajì ẹ̀kọ kan, á ní òun ti yó. Àwo àmàlà rẹ̀ á wá máa yí kiri lórí tábìlì wa. Ta ló ń jẹ ẹ́? Èmi ni, ẹ̀yin ará mi. Èmi àti àwọn méjì mìíràn tí wọ́n jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí, tí wọ́n ń wò mí báyìí. Ẹran rẹ̀, èmi ni mò ń gbà á. Ní ibi tí ẹran kò ti ju ìka ọmọdé lọ, ta ni yóò bi olóore rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi jẹun?

Ó wá rù. Ó di pé ó ń fi pín-ìnnì méjì há yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́yìn. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn Òkè-Ògùn ń jó ilẹ̀, súwẹ́tà ló máa ń wọ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó sọ fún mi pé Ọlọ́run ló mú un kúrò fún òun, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Síbẹ̀, òun ló ń gbálẹ̀ jù, òun ló ń pọnmi jù, òun ló ń sùn kẹ́yìn. Tí a bá ní kó jẹun, inú á bí i, ọmọ tí kì í bínú rí.

Wọ́n mú un lọ sílé. Àwọn kan ní àbíkú ni, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún aláìsàn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó ṣe níbẹ̀: kó gba àwẹ̀ ọjọ́ méje sí i. Ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ọdún kejì rọ̀, a gbọ́ pé ó ti kú. Ọmọ ọdún 17.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ṣí ìwé kan, mo ka ojú ewé méjì, mo sì pa ìwé náà dé. Mo ní, "Ìyá Àdúrà nìyí." Kò sí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà n ò lè búra. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìwé náà tò sílẹ̀ ni mo ti fojú ara mi rí lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta sí tèmi.

KÍ NI ÀÌSÀN YÌÍ?

Àìsàn ìjẹun ni n ó máa pè é. Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ kọ́ ni mò ń sọ. Ẹni tí ibà gba ẹnu rẹ̀ kọ́ ni mò ń sọ. Ẹni tí oúnjẹ wà fún ni, tí ara rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ti bá oúnjẹ dìjà.

Oríṣi mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Èkínní ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní anorexia nervosa. Dókítà William Gull ló fún un ní orúkọ yìí ní London ní ọdún 1873. Ẹni tó bá ní in á máa fi ebi pa ara rẹ̀, á máa rù, kò sì ní gbà pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ orin àwọn Carpenters lórí rédíò nígbà náà, Karen Carpenter, obìnrin tó ń kọrin náà, àìsàn yìí ló ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ tó fi kú ní oṣù kejì ọdún 1983. Ọmọ ọdún 32 ni.

Èkejì ni bulimia nervosa. Dókítà Gerald Russell ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1979. Ẹni tó ní èyí á jẹun púpọ̀ níkọ̀kọ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń lé e, kò ní lè dúró. Nígbà tó bá jẹ ẹ́ tán, ìtìjú á mú un, á ki ìka bọ ọ̀fun kó lè bì í, tàbí kó lo oògùn ìfọnú, tàbí kó fi ebi para rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè má rù rárá, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tètè mọ̀. Ìyàwó àrólé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Diana, jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n BBC ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé òun ní in fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ó bá lè wọ ààfin, ó lè wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ń jẹ àjẹjù bẹ́ẹ̀ níkọ̀kọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í bì í. Ọdún 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi èyí sínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró. Kì í ṣe wọ̀bìà o. Wọ̀bìà ń gbádùn oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí mò ń sọ yìí ń jẹun tẹkúntẹkún.

ṢEBÍ ÀÌSÀN ÒYÌNBÓ NI?

Mo gbọ́ ẹni tó sọ ọ́ lẹ́yìn yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn dókítà fúnra wọn rò fún ìgbà pípẹ́, pé níbi tí ebi ti ń pa ènìyàn, ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ oúnjẹ? Ṣùgbọ́n ní ọdún 1981, Dókítà Nwaefuna kọ nípa aláìsàn kan ní Nàìjíríà níbí sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1988, Dókítà Famuyiwa tún kọ nípa ọmọ Nàìjíríà méjì mìíràn. Ó ti wà láàrin wa. A kàn ń fi orúkọ mìíràn pè é ni.

Èyí tó bá tiwa mu jù lọ, Gánà ni wọ́n ti rí i. Gánà kì í ṣe ibi àjèjì fún wa. Ẹ̀yin ará Ṣakí àti Ìgbòho, mélòó nínú àwọn bàbá àti ìyá wa ni kò lọ ṣòwò ní òkè Gánà, kí ìjọba Busia tó lé àwọn àlejò ní ìparí ọdún 1969? Ilẹ̀ ọ̀dàn ni àríwá Gánà bíi tiwa, ibi igi òrí, ọkà bàbà àti ọyẹ́. Ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn níbẹ̀, Dókítà Dinah Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin 668 ní ilé-ìwé girama méjì. Wọ́n yẹ àwọn tó rù jù wò, wọ́n sì wádìí bóyá àìsàn mìíràn ló fà á. Ní ìgbẹ̀yìn, ó ku ọmọ 10 tí kò sí ìdí mìíràn fún rírù wọn ju pé wọ́n ń fi ebi pa ara wọn. Ọdún 2004 ni wọ́n tẹ ìwé ìwádìí náà jáde.

Ohun tó mú kí n gbé ìwé náà sílẹ̀ kí n mí kanlẹ̀ nìyí. Àwọn ọmọ 10 wọ̀nyí kò sọ pé àwọn fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí èyí tó ń wo dígí kó máa ní òun sanra jù. Èdè ẹ̀sìn ni gbogbo wọn sọ. Wọ́n ní àwọn ń ṣẹ́gun ara, àwọn ń kó ara àwọn níjàánu, ó sì jẹ́ ohun rere lójú wọn.

Ẹ wá rí i bí? Níbòmíràn, àìsàn yìí máa ń wọ aṣọ oge. Nílẹ̀ wa, ó lè wọ aṣọ àdúrà. Oge, ìyá lè bá ọmọ wí lé e lórí. Àdúrà ńkọ́? Ta ni yóò bá ọmọ wí pé ó ń gbàdúrà jù? Ohun tó gba ẹ̀mí ọ̀rẹ́ wa nìyẹn: ohun tó ń pa á ni à ń yìn ín fún.

OHUN TÓ Ń FÀ Á

Kò sí ohun kan ṣoṣo tó ń fà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé kan, bí àtọ̀gbẹ ṣe ń wà nínú ìdílé. Ó wà nínú ìwà ọmọ: ọmọ tí kò fẹ́ kùnà rárá, tí kò lè fara da ipò kejì, ni ó sábà máa ń mú. Ìgbà tí ara ọmọ ń yí padà sí ti àgbà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ń ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti obìnrin pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń tanná ràn án á dé: ìdánwò, ikú òbí, ìfipábánilòpọ̀, ẹ̀sín nípa ìrísí, àwẹ̀ tàbí ìdínoúnjẹkù tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò rere.

Àwòrán tí ọmọ ń wò náà ń dá kún un. Ní erékùṣù Fiji, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ fẹ́ràn ara tó kún bíi tiwa, ọdún 1995 ni tẹlifíṣọ̀n dé ẹkùn kan níbẹ̀. Dókítà Anne Becker bi àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé léèrè: kò sí ẹyọ kan tó ń fi ọwọ́ fa èébì nítorí kó má sanra. Ọdún 3 lẹ́yìn náà, ní 1998, ó ti di ọmọ 11 nínú 100.

Àwa náà ńkọ́? Nígbà tí à ń dàgbà, "o mà ti sanra o" jẹ́ oríyìn. Ní ọdún 2001, ọmọ wa Agbani Darego di arẹwà àgbáyé, obìnrin aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba adé náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbayì sí i ní ìlú ńlá, "lépa" di orúkọ ọ̀wọ̀, "òrobó" di èébú. Lónìí, fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ ń fi ara tí kò ní àbàwọ́n hàn án láti àárọ̀ di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mìíràn ń fẹ́ kí ìdí wọn kún, wọ́n ń ra oògùn ìsanra lórí àtẹ. Dexamethasone àti cyproheptadine ló sábà máa ń jẹ́. Wọn kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì fún ìsanra. Dexamethasone a máa mú ojú wú, a máa gbé ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà ga, a máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ tó sì fi í sílẹ̀ lójijì lè kú. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó.

OHUN TÓ Ń ṢE FÚN ARA ÀTI ỌKÀN

Tí oúnjẹ kò bá wọlé, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara. Á jẹ ọ̀rá, á jẹ ẹran ara, á wá kan iṣan ọkàn. Ọkàn á máa lù lọ́ra, òtútù á máa mú ènìyàn, òòyì á máa kọ́ ọ. Irun wẹ́wẹ́ lè hù sí ẹ̀yìn àti apá. Nǹkan oṣù á dúró, egungun á di ẹlẹgẹ́ bíi ti arúgbó. Ti ẹni tó ń bì, omi kíkan inú ikùn á jẹ eyín rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú, àpá lè wà lẹ́yìn ìka tó ń kì bọ ọ̀fun. Potassium inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọkàn sì lè dúró lójijì. Nínú àwọn àìsàn ọpọlọ, anorexia wà lára àwọn tó ń pa ènìyàn jù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé jù ni ohun tí ebi ń ṣe fún ọkàn. Ní ọdún 1944 sí 1945, ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys mú ọkùnrin 36 tí ara wọn le, tí wọ́n fara wọn sílẹ̀, ó dín oúnjẹ wọn kù sí bí ìdajì fún oṣù mẹ́fà. Kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, wọ́n ń lá a, wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́. Wọ́n ń bínú, wọ́n ń sunkún, wọn kò fẹ́ rí ènìyàn. Nígbà tí wọ́n tún fún wọn lóúnjẹ, àwọn kan kò mọ bí a ti ń jẹun wọ̀ǹtìwọ̀nsì mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ò rí nǹkan? Ebi fúnra rẹ̀ ń ya orí ènìyàn. Ọmọ tí ebi ti gba orí rẹ̀, kí ẹ kàn sọ fún un pé "jẹun, o ò rí ara rẹ ni?", òfìfo ni. Kì í ṣe agídí. Ebi ló ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Ó ń san o! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn ń bọ̀ sípò, pàápàá tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni ọsibítù. Ọmọ tó rù láìnídìí, kí wọ́n yẹ ẹ́ wò fún ikọ́ ife, kòkòrò HIV, àtọ̀gbẹ, aràn, àìsàn gògóńgò àti oyún. Bí wọn kò bá rí èyíkéyìí, kí ẹ sọ fún dókítà ní gbangba pé ọmọ náà kì í jẹun. Ó máa ń pa á mọ́.

Ìkejì, ẹ má fi ìkánjú bọ́ ọ. Inú ìyá á fẹ́ kí ó gún iyán, kí ó sì fi ẹran ńlá sí i lọ́jọ́ kan náà. Ẹ dákun, rárá! Ara tí ebi ti pa pẹ́, tí oúnjẹ bá ya wọ̀ ọ́ lójijì, phosphate àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn á dúró. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe kú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n rí oúnjẹ gan-an ni ikú wọn dé. Díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ojú dókítà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìkẹta ni ẹbí. Ní ọsibítù Maudsley ní London, láti bí ọdún 1980 síwájú, wọ́n rí i pé fún ọmọ tí kò tíì dàgbà, kò sí oògùn tó dà bíi kí òbí gba àkóso oúnjẹ. Ìyá tàbí bàbá á jókòó tì í ní gbogbo ìgbà oúnjẹ, láìlù ú, láìbú u, láìbẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n láìdìde títí yóò fi jẹ ẹ́. Nígbà tí ara bá ti padà, wọ́n á máa dá àṣẹ padà fún un díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ọmọ á bínú. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bínú, ẹ má dìde.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ní ọdún 1954, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, ó ní kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé inú abúlé tó wà yí ọsibítù ká, kí ẹbí rẹ̀ kan wá máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, kó máa se oúnjẹ fún un. Ayé wá ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa.

Fún ẹni tó ń jẹ tó ń bì, ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù, ìjíròrò tó ń kọ́ ọ láti máa jẹun ní àkókò àti láti dá èrò burúkú lóhùn. Oògùn fluoxetine náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Fún anorexia, kò sí oògùn kan tó ń wò ó. Oúnjẹ ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH ní Ìbàdàn, Aro sì wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ "ọsibítù ọpọlọ". Òfin ti yí padà: ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò òfin wèrè ọdún 1958, tó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ bíi ti ènìyàn gbogbo.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà wa, n kò bá àwẹ̀ jà. Èmi fúnra mi ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé Kùránì yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò sílẹ̀, pé kí wọ́n san án padà nígbà tí ara bá yá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé Aísáyà orí 58 ní àwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn ni kí a bu oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa. Àwẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìṣínu. Èyí tí kò ní ìṣínu, ẹ máa fura sí i. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́. Tí ẹ bá sọ fún un pé, "Ọmọ mi, Ọlọ́run kò ní kí o gba eléyìí, jẹun," ẹ lè ti gba ẹ̀mí kan là.

OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN FÚN

Ẹ̀yin olùkọ́, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ máa wo ọmọ tó ń pín oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọmọ tó ń wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án, ọmọ tó máa ń sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ń tóbi sí i. Ẹ pè é síkọ̀kọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa sísanra tàbí rírù. Ẹ bi í pé, "Kí ló ń jẹ ọkàn rẹ?" Kí ẹ sì ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ìparí táàmù.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹgbẹ́ wa ti kun kíláàsì ní ọ̀dà, a ti ra àga, a ti gbẹ́ kànga. Ó dára. Nǹkan kékeré méjì ni mo fi kún un. Kí ìwọ̀n ara àti òpó ìwọn-gíga wà ní yàrá ìtọ́jú aláìsàn ilé-ìwé wa, kí wọ́n máa wọn gbogbo ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí táàmù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì, ọmọ tó bá ń gbààwẹ̀, kó máa ṣínu lórí tábìlì pẹ̀lú olùkọ́ kan, níṣojú gbangba, kó sì jẹ ẹ́ tán.

Ti ìwọ̀n náà, ẹ má dá owó. Mo ti rà á. Ó wà nínú bùùtù ọkọ̀ mi níta, Pírínsípà á gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ má pàtẹ́wọ́. Owó ẹran ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ gbèsè náà.

Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Ìyá Àdúrà. Kí Ó sì má jẹ́ kí àwo ọmọ wa máa yí kiri lórí tábìlì nígbà tí gbogbo wa ń wò.